Ikùn Tí Wọ́n Fi Ọwọ́ Ara Wọn Bọ́ Padà

Títí di òní, bí mo bá gbọ́ òórùn ọ̀rá àgbò tó ń yọ́ nínú ìkòkò, n ó ti pòṣé kí n tó mọ̀ pé mo pòṣé. Lágbo ilé wa ní Òsì, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń dáná Iléyá, lórí àdògán ńláńlá. Èéfín igi á gbé òórùn ọ̀rá náà gba ojú fèrèsé pálọ̀ kọjá, títí yóò fi dé ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi níwájú ilé, yóò sì wọ gbogbo aṣọ tí mo fi kọ́ lára. Àwọn ẹlòmíràn á máa gbé itọ́ mì. Èmi, inú ló máa ń bí mi. Ìwọ náà bi mí nígbà kan pé kí ló dé tí mi ò kì í kí ènìyàn pé "ẹ mà ti sanra o," tí ojú mi sì máa ń korò bí ẹnikẹ́ni bá fi kí mi. Jókòó, ọ̀rẹ́ mi, jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ọ.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ni ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí. Àlàájì ni gbogbo wa ń pè é. Páànù ìkọ́lé ló ń tà ní Ìlọrin, Ọlọ́run sì bá a ṣe é, àmọ́ nílé wa, kì í ṣe páànù ni wọ́n fi ń mọ̀ pé Ọlọ́run bá ènìyàn ṣe é. Ikùn ni. Bí Àlàájì bá ń sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ikùn rẹ̀ la kọ́kọ́ ń rí kó tó kan ojú. Àwọn ọmọ ilé lóbìnrin á sáré jáde, wọ́n á máa fọwọ́ pa ikùn náà, wọ́n á máa kì í. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n fún Àlàájì pàápàá, Odò-Ọwá ni ilé ọkọ rẹ̀ wà, nítorí náà Ìyá Odò-Ọwá là ń pè é. Á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ikùn náà, á ní, "Ẹ wò ó, ẹ wo ohun tí bàbá wa fi sílẹ̀ láyé." Oko tí bàbá wọn fi sílẹ̀ ńkọ́? Igbó ti gba ibẹ̀, kò sí ẹni tó ń ro ó. Ikùn ni ogún wọn. Ṣìọ̀!

Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ ìyálé mi, ló kọ́kọ́ fura. Ọmọ Ìsọ̀lọ̀-Òpin ni, obìnrin jẹ́jẹ́ tí kì í pariwo. Ó ní bí Àlàájì bá ń gun àtẹ̀gùn ilé wọn ní Ìlọrin, á dúró lágbedeméjì, á máa mí hẹlẹhẹlẹ. Bó bá sùn, á máa hanrun débi tí ará ilé kejì á fi jí. Omi ló ń mu lọ́sàn-án, omi ló ń mu lóru, ìtọ̀ ló sì ń tẹ̀ lé omi. Ó fi ẹ̀bẹ̀ àti ìjà fà á dé ọsibítù. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé dókítà yọ téèpù, irú èyí tó máa ń wà lọ́rùn mi yìí gan-an, ó fi yí ikùn Àlàájì ká, ó wò ó, ó sì mi orí. Àlàájì ń rẹ́rìn-ín, ó ń bi dókítà bóyá ó fẹ́ rán agbádá fún òun ni. Ẹ̀rín náà ò pẹ́. Wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ń ru. Wọ́n yẹ ṣúgà wò, ó ti ń kọjá ààlà. Wọ́n yẹ ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ wò, òun náà ò dára. Dókítà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn burú láyè ara rẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá pàdé sára ẹnì kan ṣoṣo, wọ́n di olè tó kó ẹgbẹ́ jọ. Ikùn ń ṣílẹ̀kùn fún ṣúgà, ọ̀rá ń dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ń ti ògiri, ọkàn àti ọpọlọ ni gbogbo wọn sì ń bọ̀ wá jà lólè.

"Bàbá," ni dókítà wí fún un, "ikùn yìí kì í ṣe ọrọ̀, ìkìlọ̀ ni. Bí ẹ ò bá wá nǹkan ṣe sí i, ọkàn lè daṣẹ́ sílẹ̀ lójijì, tàbí kí rọpárọsẹ̀ gbé yín dè."

Ìyálé mi padà délé, ó sì yí ìkòkò rẹ̀ padà. Ó dín iyọ̀ kù, ó fi irú àti ata dí i kí ọbẹ̀ má baà tẹ́. Ẹ̀fọ́ pọ̀, ẹja wà, òkèlè kéré. Ẹran díndín kúrò nílé, ohun mímu aládùn inú ìgò náà sì kúrò. Bí wọ́n bá ti kírun àsùbáà tán, òun àti ọkọ rẹ̀ á jọ máa rìn kí oòrùn tó le, Àlàájì á máa kùn bí ọmọdé, òun á sì máa rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Oògùn rẹ̀, kò jẹ́ kó fò ó. Díẹ̀díẹ̀, ikùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Àlàájì fúnra rẹ̀ pè mí lórí fóònù, ó ní òun gun àtẹ̀gùn dókè láìdúró, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Ìyálé mi kó ṣòkòtò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi pé kí n fún ìbàdí wọn. Ọ̀rẹ́ mi, mo ti ń ránṣọ láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge, kò sí iṣẹ́ tó dùn mọ́ mi tó ìyẹn rí. Aṣọ tí mo gé kúrò ní ìbàdí ṣòkòtò wọ̀nyẹn, mo lè fi rán fìlà fún odidi ìdílé.

Nígbà náà ni Iléyá dé. Ọkọ̀ wọn dúró níwájú ilé, ilẹ̀kùn ṣí, Àlàájì sì bọ́ sílẹ̀ wẹ́rẹ́, ó nà ró, ó ń rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ mọ́, ó dà bí ìgbà tí mo kọ́kọ́ wọ ilé náà gẹ́gẹ́ bí ìyàwó. Ìyá Odò-Ọwá wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó ká ọwọ́ lérí.

"Yéè! Ta ló fa ọmọ wa mu báyìí? Ó ti rù! Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí, ó ti rù!"

Àwọn ọmọ ilé yòókù gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ìyẹn ní ọrùn ló kù, èyí ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ dà. Wọ́n sunkún, mo fi Ọlọ́run búra, wọ́n sunkún lé ẹni tó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọlé. O mọ̀ bó ṣe rí nílé tiwa: kí ọmọ ilé rù lọ́wọ́ ìyàwó, ẹjọ́ ńlá ni. Bí ọkùnrin bá yọ ikùn, ìyàwó rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n tọ́jú. Bó bá rù, ìyàwó rẹ̀ ló ń fi ebi pa á, tàbí kó jẹ́ pé nǹkan mìíràn ló ń ṣe fún un. Kò sí ẹni tó ń bi ẹni tó rù léèrè bí ara rẹ̀ ṣe ń ṣe é. Ìdí nìyí tí wọn ò fi jẹ́ kí ìyálé mi mu omi kí wọ́n tó pè é sí pálọ̀. Wọ́n jókòó sórí àga, òun kúnlẹ̀ lórí ẹní. Èmi náà kúnlẹ̀ tì í, wọn ò pè mí.

"Ìyàwó," ni Ìyá Odò-Ọwá wí, "kí lo fi ń bọ́ ọmọ wa?"

"Ẹ má bínú, ọkọ mi. Dókítà ló ní kó dín oúnjẹ kù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru. Oògùn rẹ̀ nìyí."

Ìyá Odò-Ọwá gba oògùn náà, ó yí i síwá sẹ́yìn bí ẹni tó mú alángbá dání. "Ṣé ẹni tí ara rẹ̀ le ń mu oògùn lójoojúmọ́ ni? Ohun tó ń jẹ ẹran ara rẹ̀ nìyí! Ọmọ ulé wa kan ò rù báyìí rí."

Mi ò lè mú un mọ́ra. Mo ní, "Ọkọ mi, ẹ bi òun fúnra rẹ̀. Ara rẹ̀ ń yá sí i ni."

Ó wò mí tìkà-tẹ̀gbin. "Abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń ránṣọ ni tìrẹ, ìyàwó. Tí dókítà kọ́." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Àlàájì ńkọ́? Ó wà lórí àga tó tóbi jù ní pálọ̀, ó ń fi ìka ka ìlẹ̀kẹ̀ tẹsubáà rẹ̀. Ọkùnrin tó lè fi ẹnu dúnàádúrà títí oníbàárà á fi gbàgbé ohun tó wá rà, kò rí gbólóhùn kan sọ fún obìnrin tó ń gbà á lọ́wọ́ ikú. Ìyálé mi yíjú sí i, ó ní, "Àlàájì, ẹ ò ní sọ̀rọ̀ ni?" Ó ní, "Má jẹ́ ká bí àwọn ẹ̀gbọ́n nínú. Ọjọ́ mélòó kan náà ni." Mo mọ ohun tó ń ṣe é. Ó mọ̀ pé ara òun ti yá, ó mọ ẹni tó mú un yá, ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹnì kan ò tíì kì í. Ó ń wá oríkì ikùn rẹ̀. Àgbàlagbà ọkùnrin o!

Wọ́n dájọ́. Kí ìyàwó padà sí Ìlọrin lọ máa bójú tó páànù, kí Àlàájì dúró lọ́dọ̀ àwọn ọmọ ilé títí ara rẹ̀ á fi bọ̀ sípò. Ìyálé mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó tó wọkọ̀, omi wà lójú rẹ̀. "Bá mi máa rán an létí oògùn rẹ̀." Oògùn wo? Ìyá Odò-Ọwá ti jù ú sínú báàgì rẹ̀, ó ti fa síìpù rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ọ. Ṣé o ti rí ibi tí wọ́n ti ń sin àgbò rí? Àgbò tiẹ̀ máa ń yíjú kúrò bó bá yó. Ní àárọ̀, ògì tí ṣúgà funfun lójú rẹ̀, àti àkàrà tí òróró ń ro lára rẹ̀. Ní ọ̀sán, iyán tó ga sókè, ọbẹ̀ tí epo léfòó lórí rẹ̀, ọ̀rá àgbò tí wọ́n yọ́ sínú rẹ̀ kí ó lè "lẹ̀ mọ́ egungun." Ní alẹ́, wọ́n tún padà sí i. Láàárín wọn, máláàtì tí wọ́n po mílíìkì mọ́, wọ́n ní kí ó lè fún un lẹ́jẹ̀. Gbọ́ mi dáadáa: ẹni tí dókítà ní ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, wọ́n ń fi ohun tí wọ́n ní ó ń fún ni lẹ́jẹ̀ rọ ọ́! Wọ́n á ya fọ́tò rẹ̀ bó ṣe ń jẹun, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ ilé tó wà ní Èkó àti Àbújá lórí wasáàpù. Àwọn yẹn, àwọn ọ̀mọ̀wé wa, àwọn tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ ọsibítù ńlá, wọ́n á dáhùn pé, "Ẹ kú iṣẹ́! Ọmọ wa ti ń padà bọ̀! Alihamdulilahi!" Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó béèrè pé oògùn rẹ̀ dà.

Ikùn padà. Mo mọ̀, nítorí pé ṣòkòtò padà sọ́dọ̀ mi. Ìyá Odò-Ọwá ló kó wọn wá, ó dà wọ́n sórí tábìlì mi. "Tú u," ló wí. "Tú gbogbo ohun tí ẹ̀yin méjèèjì rán." Mo ní aṣọ tí mo gé kúrò kò sí mọ́, àfi kí n fi aṣọ mìíràn lẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn. Mo tún ní, "Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún un ní oògùn rẹ̀. Ojú rẹ̀ ti pọ́n, ó sì ń sọ pé orí ń fọ́ òun." Ó ní ẹni tí ebi ti pa pẹ́, bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun, orí máa ń fọ́ ọ. Mo lọ bá Àlàájì fúnra rẹ̀. Ó ń tayín, ó ní, "Bí mo bá padà dé Ìlọrin, n ó bẹ̀rẹ̀ padà." Ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run, ni mo sọ sínú. Mo pe ìyálé mi lórí fóònù pé kó máa bọ̀, kò gbọ́dọ̀ dúró de ẹnikẹ́ni.

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, kò tíì dé. Mo wà lórí ẹ̀rọ mi nígbà tí mo gbọ́ ẹ̀rín ńlá láti pálọ̀, lẹ́yìn náà ni abọ́ fọ́, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín mìíràn. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń pariwo pé, "Ó ti yó! Àlàájì ti yó lónìí!" Mo wọlé pẹ̀lú téèpù lọ́rùn mi. Òkèlè ti já bọ́ lọ́wọ́ ọ̀tún Àlàájì, ọwọ́ náà sì wà níbi tó ṣubú sí lórí itan rẹ̀, kò mira. Ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, itọ́ ń ṣàn lójú ẹ̀wù rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀, kò sí ẹni tó gbọ́ ohun tó ń sọ. Wọ́n ṣì ń rẹ́rìn-ín! Ìyá Odò-Ọwá ṣì ń bu ọbẹ̀ sí i!

"Rọpárọsẹ̀ ni!" ni mo ké. "Ẹ wá ọkọ̀! Ọsibítù!"

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín dá. Ǹjẹ́ wọ́n wá ọkọ̀? Ìyá Odò-Ọwá ní ọfà ni wọ́n ta á, ó sì mọ ẹni tó ta á, láti Ìlọrin ló ti ń fi oògùn jẹ ẹ́. Ẹnì kan sáré gbé àdí wá, wọ́n ń fi pa á lápá lẹ́sẹ̀. Ẹlòmíràn lọ pe àfáà. Àfáà náà nìkan ló gbọ́n nínú wọn: ó wo ẹnu Àlàájì lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù. N ó máa ṣe àdúà bọ̀ lẹ́yìn yín." Ọkọ mi dé láti ibi iṣẹ́ bọ́ sí àárín wọn, ó gbé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ, a sì wọ ọkọ̀ aládùúgbò wa. Ọ̀nà wa yẹn, o mọ̀ ọ́n, òjò ti gbẹ́ ẹ. Gbogbo kòtò tí a bọ́ sí, orí rẹ̀ ń yí sọ́tùn-ún sósì lórí itan mi.

Dókítà tó gbà wá bi wá pé oògùn wo ló ń mu. Mo wo Ìyá Odò-Ọwá, mo sì ń wò ó títí ó fi ṣí báàgì rẹ̀. Oògùn náà wà nísàlẹ̀, lábẹ́ aṣọ ìnujú àti obì, kò sí èyí tó kúrò níbẹ̀ láti ọjọ́ tó ti gbà á. Dókítà gbà á, kò bú u. Ì bá bú u, ara ì bá tù mí.

Àlàájì ò kú. Ṣùgbọ́n apá ọ̀tún lọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún di wíwọ́, ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu rẹ̀. Ọkùnrin tó ń fi ẹnu ta páànù, gbólóhùn kan ṣoṣo ló kù fún un: "Ó tó." Bí o bá kí i ní àárọ̀, "Ó tó." Bí o bá fún un lómi, "Ó tó." Bí inú bá ń bí i, bó bá ń sunkún, ohun kan náà ni. Dókítà ní ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà míì, pé ọpọlọ lè pàdánù gbogbo ọ̀rọ̀ kí ó ku ẹyọ kan. Èmi ò bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ èyí. Mo kàn mọ̀ pé gbólóhùn tí ì bá sọ ní pálọ̀ nìyẹn, nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣì dá ṣáká.

Àwọn ọmọ ilé ńkọ́? Wọ́n wá, wọ́n sunkún, wọ́n ní kádàrá ni. Ẹnì kan nínú wọn ò fi omi gbígbóná nu ẹsẹ̀ rẹ̀ rí. Ẹni a ní kó kín ni lẹ́yìn tó fẹ̀gún sọ́wọ́, òun ni wọ́n, wọ́n sì tún ń sọ pé ẹ̀yìn ló le jù. Ìyálé mi ló ń gbé e, tó ń wẹ̀ ẹ́, tó ń fún un ní oògùn. Àtẹ̀gùn ilé Ìlọrin kò ṣeé gùn mọ́, nítorí náà ó kó o padà wá sí Òsì. Láràárọ̀, á fi ọ̀pá lé e lọ́wọ́, á máa tì í lẹ́yìn títí wọ́n á fi rìn dé ìta ṣọ́ọ̀bù mi, Àlàájì á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á sinmi, wọ́n á tún padà. Kò bú àwọn ọmọ ilé rí. Èmi ni mo ń bú wọn fún un.

Iléyá tó tẹ̀ lé e, òórùn ọ̀rá ti gba gbogbo ilé, Àlàájì wà lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀ níta, nígbà tí Ìyá Odò-Ọwá wọ ṣọ́ọ̀bù mi, bùbá léèsì kan wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìyàwó, bá mi tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Kò gbà mí mọ́."

Ó na ọwọ́ méjèèjì sókè kí n wọ̀n ọ́n. Mo fi téèpù yí i ká. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, bẹ́ẹ̀ ìloro nìkan ló gbà kọjá. Ó wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ pa ikùn.

"Ṣé mi ò ti sanra?"

Ó dúró, ó ń retí pé kí n kí òun bí wọ́n ṣe ń kíni. Láti ìta, ohùn Àlàájì wọlé, ó wúwo, ó lọ́ra.

"Ó tó."

Bóyá ó gbọ́ wa, bóyá eṣinṣin ló ń lé, mi ò mọ̀. Ọwọ́ Ìyá Odò-Ọwá sọ̀ kalẹ̀. Kò yíjú sí ìta. Mo ká téèpù mi, mo ní, "Ọkọ mi, mi ò ní tú u. Ẹ lọ jẹ́ kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ yín ná." Ó gba bùbá rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó gba ẹ̀yìnkùlé jáde kó má baà kọjá níwájú àbúrò rẹ̀. Mo gbọ́ pé aránṣọ kan ní Odò-Ọwá ti bá a tú u, ó sì kí i kú ìgbádùn.

Òun nìyẹn, ọ̀rẹ́ mi. Mo ti rí i pé kì í ṣe ọ̀tá ló bọ́ Àlàájì dé orí bẹ́ǹṣì yẹn. Àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀ ni, ẹnu tí wọ́n fi ń kì í ni wọ́n fi jẹ ẹ́ tán, òun náà sì ń fi etí gbà á bí ẹni ń la oyin. Nítorí náà, bí o bá rí mi lọ́dún tó ń bọ̀, kí mi pé mo jí ire, béèrè ọmọ, béèrè ọjà. Bí o bá ní mo ti sanra, ohùn Àlàájì ni n ó fi dá ọ lóhùn.